Ọmọ Tí Wọ́n Ń Kọ́ Pé Kó Má Mọ Bọ́ọ̀lù Gbá

Ní àárọ̀ Sátidé yẹn, kí oòrùn tó gun orí páànù ilé wọn ní Mòwó, Sirajudeen ti wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń ṣubú.

"Kì í ṣe báyẹn," ó ní. "Èyí tó o ṣe yẹn já fáfá jù. Ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá kì í fọwọ́ gbalẹ̀ kó tó délẹ̀. Jẹ́ kí ìdí rẹ kọ́kọ́ gúnlẹ̀."

Akóredé, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò ní ṣòkòtò rẹ̀. Ó tún sáré sí bọ́ọ̀lù náà, ó gbé ẹsẹ̀ sókè bí ẹni fẹ́ ta sánmà nípàá, ó tàsé, ó sì jókòó gbì sórí èèpo àgbọn.

"Ó ti ń dà bí ẹni pé ó ń yé ọ," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ó ku ojú. Ojú rẹ ṣì gbọ́n. Jẹ́ kó rí bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí."

Páànù ni Sirajudeen ń tà ní oríta Mòwó. Alhaji ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Kò tíì dé Mẹ́kà, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà rẹ̀ ti bá a débẹ̀. Òun náà ló ni Ìràwọ̀ Mòwó, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé tí Akóredé jẹ́ ọ̀gá fún. Ìpele mẹ́ta ni líìgì àwọn ọmọdé ní agbègbè náà pín sí: ìpele kìíní wà fún àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá, ìkejì wà fún àwọn tó ń gbìyànjú, ìkẹta wà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, àwọn tó jẹ́ pé bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ kíkankíkan, ojú ni wọ́n máa ń dì. Ìpele kẹta yìí ni Sirajudeen fi Ìràwọ̀ Mòwó sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó ife ẹ̀yẹ bí ẹni ń wu iṣu nínú oko tí kò lólúwa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, góólù mọ́kànlá ni wọ́n jẹ àwọn ọmọ Gberefu, òdo ni àwọn yẹn rí mú lọ sínú ọkọ̀ ojú omi. Ìbínú àwọn òbí pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà débi pé Kóòṣì Démọ́lá, tó ń darí líìgì, ní kò sí ẹni tí yóò tún gbá ìdíje kankan títí òun yóò fi fojú ara òun wo gbogbo ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí òun lè gbé kálukú sí ipò tó tọ́ sí i. Òwúrọ̀ Sátidé yìí ni ìdánwò náà.

Ìyá Sirajudeen, Tàwàkálítù, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń run orín. Ó ti ń wò wọ́n tipẹ́.

"Sirajù," ó ní, "nígbà tó o wà lọ́mọdé, mo rán ọ lọ sílé kéwú kó o lè mọ nǹkan. N kò mọ̀ pé wọ́n tún máa ń kọ́ni ní àìmọ̀."

"Ìyá, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ò yé yín."

"Òótọ́ ni. Mo sì rí i pé kò ní pẹ́ tí kò fi ní yé ọmọ tìrẹ náà mọ́."

Nurat, ìyàwó Sirajudeen, wà nídìí ìkòkò, ó ń rin àgbọn tó fẹ́ fi ṣe òróró. Kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ha àgbọn náà mọ́ ara irin, ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Ó gbé abọ́ ẹ̀wà àgànyìn kalẹ̀, ó fi búrẹ́dì lé e.

"Bàbá Akóredé, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí jẹun."

"Kó má yó jù. Bó bá yó, agbára á wọ̀ ọ́."

Nurat wò ó. "Nígbà tí Akóredé wà ní prámárì kẹrin tó ń gba ipò kìíní, ṣé a dá a padà sí prámárì kìíní kó lè máa gba ipò kìíní lọ?"

"Ìyẹn yàtọ̀."

"Báwo ló ṣe yàtọ̀?"

"Ó yàtọ̀ ni." Sirajudeen bu búrẹ́dì ọmọ rẹ̀ jẹ. "Ìwọ ò mọ àwọn ọmọ Ajido tó wà ní ìpele kìíní yẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń rá ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù nínú iyanrìn etí ọ̀sà. Wọ́n á jẹ ọmọ yìí bí ẹni jẹ ẹja, wọ́n á tu egungun rẹ̀ sílẹ̀ fún mi."

"Dádì," ni Akóredé wí pẹ̀lú ẹ̀wà lẹ́nu, "ó wù mí kí n bá wọn gbá a."

"Jẹun."

Ọgbà imọ̀ ọ̀pẹ ló pààlà ilé wọn àti ti aládùúgbò wọn, Ruth, obìnrin Ègùn kan tó ń yan ẹja. Ọgbà imọ̀ ọ̀pẹ kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́. Kò pẹ́ tí Ruth gba ẹnu ọ̀nà wọlé pẹ̀lú ìgò òfìfo lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà.

"Ẹ kú iṣẹ́ àárọ̀, Alhaji," ó ní. "Láti ẹ̀ẹ̀kan ni mo ti ń gbọ́ gbì, gbì. Mo rò pé àgbọn ló ń jábọ́."

Akóredé tẹjú mọ́ abọ́ ẹ̀wà rẹ̀.

"Sewanu ńkọ́?" ni Nurat bi í. Sewanu ni ọmọ Ruth. Gberefu ni ilé àwọn ìyá rẹ̀, òun ló sì ń ṣọ́ ẹnu góólù fún àwọn ọmọ Gberefu lọ́jọ́ tí wọ́n jẹ wọ́n ní mọ́kànlá. Títí di ọjọ́ yẹn, inú abọ́ kan náà lòun àti Akóredé ti ń jẹun.

"Ó wà nílé. Ó ní òun ò lọ síbì kankan. Bí àwọn ọmọ àdúgbò bá ń kọjá, wọ́n á ní, 'Mọ́kànlá, o jíire?' Oníbúrẹ́dì náà ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní òun rò pé orúkọ rẹ̀ nìyẹn ni."

Sirajudeen wúkọ́. "Bọ́ọ̀lù ni, Ìyá Sewanu. Bọ́ọ̀lù a máa rí bẹ́ẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alhaji." Ruth gba ìgò òróró rẹ̀ lọ́wọ́ Nurat, ó dé ọmọrí rẹ̀ pinpin. "Àwọn apẹja tiwa ní Gberefu ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ. Wọ́n ní ẹni tó da àwọ̀n sínú àmù ilé, kó má pe ara rẹ̀ ní apẹja."

Ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà tu orín sílẹ̀.

"Obìnrin yẹn mọ ọ̀rọ̀ sọ," ó ní.

Sirajudeen ní kí ọmọ náà wọ bùútù rẹ̀, kí wọ́n máa lọ. Nurat náà wé ìbòrí rẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn.

Ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà ni pápá náà wà. Igi àgbọn ló jẹ́ ààlà rẹ̀ lápá kan, ewúrẹ́ ló jẹ́ ààlà rẹ̀ lápá kejì. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, àwọn òbí ti kún. Jàmíù, oníyìnyín, tó ní ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní ìpele kejì, ti wọ bùútù ẹ̀gbọ́n fún ọmọ rẹ̀ kékeré, ọmọ náà sì ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí pẹ́pẹ́yẹ tó rẹ̀. Òun àti Sirajudeen wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, kálukú sì wo ibòmíràn.

Ruth náà dé. Ó fa Sewanu lọ́wọ́, ọmọ náà sì ń fẹsẹ̀ gbẹ́lẹ̀ bọ̀. Nígbà tí Kóòṣì Démọ́lá bi í pé ṣé á ṣọ́ ẹnu góólù, ó mi orí. Ó ní òun ò fẹ́ rí ẹnu góólù sójú mọ́.

Kóòṣì jẹ́ ọkùnrin kúkúrú tí ohùn rẹ̀ kì í ga. Ó pín àwọn ọmọ náà sí márùn-ún márùn-ún, ó fọn fèrè. Akóredé bọ́ sí apá kan, Sewanu bọ́ sí apá kejì.

Ohun tí Akóredé ṣe ní pápá lọ́jọ́ náà, àwọn ará Mòwó ṣì ń sọ ọ́. Ó ń sáré bí ẹni tí wọ́n dè ní orúnkún. Bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ta á, ó bá ewúrẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ewúrẹ́ náà sì wò ó bí ẹni tí kò retí irú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kó ju bọ́ọ̀lù wọlé láti ẹ̀gbẹ́, ó jù ú sẹ́yìn ara rẹ̀. Ó ṣubú nígbà tí wọ́n tì í, ó ṣubú nígbà tí wọn ò tì í. Àwọn ọmọdé ń fẹ̀yìn lélẹ̀ rẹ́rìn-ín. Sirajudeen dúró lábẹ́ igi àgbọn, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀ bí alága tó ń gbọ́ ìròyìn ayọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹsẹ̀ ọmọ náà gbàgbé. Bọ́ọ̀lù kan ń bọ̀ láti òkè, Akóredé fi àyà gbà á, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin sínú abọ́. Bàbá rẹ̀ wúkọ́ kíkankíkan. Ọmọ náà rántí, ó jókòó.

Ẹ̀yìn èyí ni Sewanu kò ó lójú. Akóredé ní bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀, Sewanu sì ń bọ̀, ó ti jẹ ètè rẹ̀ sínú, ó ń bẹ̀rù, ó sì ń bọ̀ náà. Akóredé dúró. Ó ṣí ẹsẹ̀ sílẹ̀ fún un. Sewanu yọ bọ́ọ̀lù náà, ó sáré, ó dijú, ó ta á. Ó wọlé.

Ọmọ náà dúró, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sáré tọ ìyá rẹ̀ lọ. Ruth ti gbé aṣọ sókè dé orúnkún, ó ń jó láàárín àwọn obìnrin. Ẹnì kan ní, "Mọ́kànlá gbá a wọlé." Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé, "Ṣé kò ní orúkọ ni? Sewanu ló ń jẹ́."

Nígbà tí eré náà parí, Sewanu wá bá Akóredé, ó na ọwọ́ sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò bá a sọ̀rọ̀ látọjọ́ mọ́kànlá náà.

"Mo gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ," ó ní.

"O gbà á," ni Akóredé wí, ó sì yíjú sí apá ọ̀sà.

Kóòṣì Démọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ sí ipò wọn. Ó pe Sewanu sí ìpele kẹta, Ruth sì pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé ipò gómìnà ni. Ó pe púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Ìràwọ̀ Mòwó sí ìpele kejì. Nígbà tó kan Akóredé, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ọmọ yìí," ó ní, "kò tíì tó ìpele kẹta. Kó lọ bá Àǹtí Ọpẹ́yẹmí lábẹ́ igi ọ̀hún."

Lábẹ́ igi náà, Ọpẹ́yẹmí, olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi, ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́dún márùn-ún, mẹ́fà bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù rọ́bà aláwọ̀ òféfèé ni wọ́n ń lò. Akóredé lọ dúró sáàárín wọn, orí àwọn ọmọ náà sì dé ìbàdí rẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kó má bẹ̀rù, pé kò nira.

Ẹ̀rín tí àwọn ènìyàn rín kò ní ìpẹ̀kun. Sirajudeen fi abẹ́ igi sílẹ̀.

"Kóòṣì, àṣìṣe wà níbẹ̀ yẹn."

"Àṣìṣe wo, Alhaji?"

"Ọmọ yẹn mọ bọ́ọ̀lù gbá."

"Èmi ò rí i."

"Ó mọ̀ ọ́n gbá dáadáa. Ẹ bi gbogbo Mòwó."

"Kí ló wá ṣe é láàárọ̀ yìí?"

Atẹ́gùn fẹ́ wá láti ojú ọ̀sà. Àwọn òbí sún mọ́ wọn láti gbọ́. Jàmíù bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú sánmà bóyá òjò yóò rọ̀. Nurat tún ìbòrí rẹ̀ ṣe, kò wo ọkọ rẹ̀.

"Ó ń díbọ́n ni," ni Sirajudeen wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

"Ta ló ní kó díbọ́n?"

Ọkùnrin kan lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ òwe kan, "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún...", ó sì dákẹ́ láàárín ọ̀nà. Kò sí ẹni tó bi í léèrè ìyókù.

Sewanu ti gbọ́. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ṣì ń ṣàlàyé bí òun ṣe yọ bọ́ọ̀lù náà. Ó jókòó sínú koríko, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀.

"Ṣé ó fi í sílẹ̀ fún mi ni?" ó bi ìyá rẹ̀.

Ruth fẹ́ sọ̀rọ̀, kò rí irọ́ tó dára pa. Ó yíjú sí Sirajudeen.

"Alhaji, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ jẹ wọ́n ní mọ́kànlá, ó sunkún, ó jẹun, ó sùn. Ó mọ̀ pé wọ́n ju òun lọ ni. Ti òní yìí ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ sọ fún un nílé?"

Sirajudeen la ẹnu. Ọkùnrin tó lè ta páànù fún ẹni tí kò ní ilé kò rí ọ̀rọ̀ kankan tà lọ́jọ́ náà.

Akóredé ti fi ọwọ́ ọmọbìnrin kékeré náà sílẹ̀. Ó la àwọn ènìyàn já, ó wá síwájú Kóòṣì.

"Kóòṣì, ẹ fi mí sí ìpele kìíní."

"Àwọn ọmọ Ajido ló máa gbá lọ́sàn-án yìí," ni Kóòṣì wí.

"Mo mọ̀."

Kóòṣì wo bàbá rẹ̀. Sirajudeen ń wo ilẹ̀. "Ó dáa," ni Kóòṣì wí.

Akóredé lọ sí ọ̀dọ̀ Sewanu, ó lóṣòó tì í. "Má bínú," ó ní.

"Má bá mi sọ̀rọ̀," ni Sewanu wí. Ṣùgbọ́n ó dẹ́kun títú okùn bàtà rẹ̀. Ní ẹ̀yìn wọn, Jàmíù rọra ń bọ́ bùútù ńlá náà kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ rẹ̀.

Wọn ò padà sílé jẹun ọ̀sán. Nurat ra àgbàdo sísè àti àgbọn, ó pín in. Nígbà tó kan ọkọ rẹ̀, ó na tirẹ̀ sí i láìsọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà gbà á, ó sì dì í mú títí ó fi tutù.

Àwọn ìpele kẹta ló kọ́kọ́ gbá. Kóòṣì ti pín wọn tuntun, kò sì sí ẹgbẹ́ kan tó gbọ́n ju èkejì lọ. Àìmọ̀ wọn dọ́gba. Bọ́ọ̀lù lọ, ó bọ̀. Àwọn kan gbá a wọlé, àwọn kejì dá a padà. Àwọn kan tún gbá a wọlé, wọ́n ń dì mọ́ra wọn lọ́wọ́ nígbà tí àwọn kejì tún dá a padà. Obìnrin tó ń ta àgbọn fi àtẹ sílẹ̀, ó wá dúró lórí ìlà. Bọ́ọ̀lù kan bá Sewanu ní ikùn gbàgà, ó sì yà kúrò lẹ́nu góólù wọn. Ọmọ náà ká jọ sílẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gun orí rẹ̀ bí ẹni pé ó ti gba ilé ayé là. Bó bá ṣe pé àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá ló wà níbẹ̀ ni, eré náà ì bá ti parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n títí fèrè fi dún, kò sí ẹni tó mọ ẹni tí yóò borí, kò sì sí ẹni tó borí. Ruth ò ní ohùn mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìpele kìíní wọlé. Àwọn ọmọ Ajido kò ga, wọn kò sì pariwo. Wọ́n kàn gba bọ́ọ̀lù, wọn ò sì dá a padà. Akóredé, tí Kóòṣì fi sínú ẹgbẹ́ tó dojú kọ wọn, sáré lọ, ó sáré bọ̀. Ó máa dé ibi tí bọ́ọ̀lù wà, bọ́ọ̀lù á ti kúrò níbẹ̀. Bó bá rí i gbà, ọmọ kan á ti yọ ọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kó tó ro ohun tó máa fi ṣe. Nígbà tí wọ́n fi máa sinmi ní ìdajì eré, góólù mẹ́rin ti wọlé wọn. Ọmọ náà jókòó sínú iyanrìn, ó ń mí gúlegúle, omijé àti òógùn ti dàpọ̀ lójú rẹ̀.

Sirajudeen fẹ́ lọ gba ọmọ rẹ̀ kúrò. Nurat di apá aṣọ rẹ̀ mú.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀," ó ní. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá a sọ nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé.

Sewanu ló lọ. Ó gbé omi inú ọ̀rá kan lọ́wọ́, ó já ẹnu rẹ̀, ó nà án sí Akóredé. Ó dúró tì í fún ìgbà díẹ̀.

"Mẹ́rin," ó ní. "Ó ku méje."

Akóredé gbójú sókè wò ó. Omi náà gba imú rẹ̀ jáde. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Kóòṣì fi fọn fèrè lé wọn lórí.

Ìdajì kejì kò sàn ju tàkọ́kọ́ lọ. Sirajudeen, tó máa ń pàṣẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin bí ọ̀gágun, dúró láìsọ nǹkan kan. Kò mọ ohun tí ènìyàn ń pàṣẹ nígbà tí ọmọ ẹni ń pòfo. Ó ń wo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ó rí i pé ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí àwọn ọmọ Ajido ń wò, kì í ṣe ibi tí bọ́ọ̀lù wà. Ó rí i tó ń ju ara rẹ̀ síwájú kó tó di pé wọ́n tàn án. Lọ́jọ́ tó bá àwọn ọmọ Gberefu gbá, kò rí i kó ronú rárá.

Nígbà tí oòrùn ti ń rẹlẹ̀ lọ sí orí ọ̀sà, bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ Akóredé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Ọmọ Ajido kan tó ti ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ọ̀sán wá pàdé rẹ̀. Akóredé tẹ̀ sí ọ̀tún, ọmọ náà tẹ̀ lé e, Akóredé gba òsì, ó sì kọjá. Ẹni kejì dé, ó gba bọ́ọ̀lù náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó bá a lọ.

Igbe kan dún ní etí pápá. Sirajudeen ni. Fìlà rẹ̀ ti já bọ́, ó ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì ti di ọwọ́ Ruth mú láìmọ̀.

"Wọ́n ti gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ̀," ni Nurat wí. "Kí lẹ ń pariwo fún?"

"Ṣé o rí èyí tó kọjá?"

"Ẹnì kejì gbà á."

"Mo ní èyí àkọ́kọ́. Ìyá Sewanu, ṣé ẹ rí i?"

"A rí i, Alhaji," ni Ruth wí pẹ̀lú ohùn tó há. Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀.

Ní òdìkejì pápá, àwọn ọmọ Ajido ti gbá ìkarùn-ún wọlé, wọ́n ń jó. Sirajudeen kò wo ibẹ̀. Ó ti rí ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ṣàlàyé fún un bí ọmọ òun ṣe fi ọ̀tún tan ọmọ Ajido yẹn kó tó gba òsì.